Ọwọ́ Ni Mo Mọ̀

Ọdún méjì gbáko, ọwọ́ ni mo mọ̀.
Ẹnikẹ́ni kì í fojú hàn nínú àwòrán tí à ń fi ránṣẹ́ síra wa:
aṣọ funfun lórí tábìlì, aago tí a ṣí ẹ̀yìn rẹ̀,
ìka méjì tó di ẹ̀mú mú,
àti wíìlì tó kéré ju ojú eèrà lọ.

Nítorí náà, nígbà tí mọ́tò já mi sílẹ̀ l'Ádó ní Sátidé,
eruku Ìtawúrẹ́ ṣì wà létí mi,
n kò wo ojú ẹnì kankan.
Ọwọ́ ni mò ń wò.
Ọwọ́ ọlọ́kadà. Ọwọ́ ẹni tó ń ka ṣéńjì.
Ọwọ́ ìyá kan tó bó ọsàn tí èèpo rẹ̀ kò já
(mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i; ọwọ́ yẹn ì bá tún aago ṣe).

Aago mẹ́wàá la fi àdéhùn sí.
Ẹ wá wo àwa tí à ń pe ara wa ní dókítà aago:
èmi dé ní mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú,
Fásọ̀rántì dé ní mọ́kànlá,
Ọmọ́tọ́lání tó ti Ìkàrẹ́ wá ní aago òun ló tan òun jẹ.
A rẹ́rìn-ín títí ọmọ tó ń ta omi fi bá wa rín in,
láìmọ ohun tó fà á.

Àpá kan wà lára àtàǹpàkò Fásọ̀rántì,
ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.
Mo mọ àpá yẹn. Mo mọ ọjọ́ tí irin fò ya á.
Ojú rẹ̀ ni n kò mọ̀: ó sanra, ó ń tijú.
Ó pẹ́ díẹ̀ kí ojú náà tó bá ọwọ́ náà mu.

Ilé Bàbá Fálúyì wà ní Bàṣírì,
níbi tí àpáta ti yọrí láàárín ilé méjì bí ẹran tó ń jẹko.
"Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ wọ ulé, uyán ti wà ńlẹ̀."
Òun ló kọ́ gbogbo wa.
Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́fà kò fi àwòrán ránṣẹ́ mọ́,
àfi ọ̀rọ̀: Ẹ kán epo díẹ̀ sí i. Ẹ má fipá yí i.
Àwa rò pé fóònù rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ó gbé omi bọ̀.
Ife ń lu àwo, kí-kí-kí-kí,
ó yára ju gbogbo aago ara ògiri rẹ̀ lọ.
Ọmọ́tọ́lání wolẹ̀.
Fásọ̀rántì ń fi ìka pa àpá rẹ̀.
"Ẹ ti rí i," ni bàbá wí,
"ọwọ́ yìí ti ń ṣáájú àkókò."

Aago ìyàwó rẹ̀ tó ti sùn ló tẹ́ sílẹ̀ fún wa.
Ó ti kú sórí aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.
"Wá, ìwọ ará Ìkìrun."
Ó jókòó lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó jẹ̀bi,
ó wá ń fi ẹnu darí mi:
Sọ́tùn-ún. Díẹ̀. Dúró.
Mí.
Kò kọ "mí" sí wa rí.
Ọdún méjì ni mo ti ń ṣe é láìmí.

Ilẹ̀ ti ṣú kí ó tó dún.
Ìṣẹ́jú méje ló fi ń rẹ̀yìn; mo ní ma tún un ṣe láàárọ̀.
Bàbá ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Òun náà kì í kánjú."

Lọ́jọ́ Àìkú, a ti kọjá Àràmọ̀kọ
nígbà tí fóònù mi gbọ̀n lápò.
Àwòrán kan, láti Bàṣírì, kò mọ́lẹ̀ rárá:
ọwọ́ bàbá, ó gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀
tó fi dà bí ọwọ́ mẹ́ta.
Dẹ́rẹ́bà ń bèèrè ta ló fẹ́ sọ̀ n'Ítawúrẹ́.
N kò dá a lóhùn. Mo ń kà wọ́n.